Ẹ Jẹ́ Kí "Gb" Gbé Ilé Kan: Lẹ́tà sí Olóòtú lórí Kírọ́sìwọ́ọ̀dù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo wà lára àwọn tí wọ́n máa ń dúró de fẹ́ńdọ̀ ní Sàpọ́n, nílùú Abẹ́òkúta, láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yín bá jáde, ẹ̀yìn ni mo sì máa ń ti ṣí i, nítorí pé ojú ewé tó kángun sí ti ìparí ni ẹ ń tẹ kírọ́sìwọ́ọ̀dù sí, eré tí a ti ń tú ìtọ́ka, tí a sì ń kọ lẹ́tà ìdáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé kéékèèké tó tò ní ìbú àti ní òòró. Ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú lè dúró dè mí títí di ọ̀sán, kì í kan. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ojú ewé yìí ní nǹkan bí oṣù méje sẹ́yìn, inú mi dùn débi pé mo ra ẹ̀dà mẹ́ta, mo sì fi méjì ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí má ṣe jọ ti ẹni tí a fún lóúnjẹ tó ń bú alásè. Mo fẹ́ kí ọbẹ̀ náà dùn sí i ni.

Ohun tó ń dùn mí kò ju ẹyọ kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ya ẹ̀ka. Ó hàn sí mi pé ẹni tí ń ṣe kírọ́sìwọ́ọ̀dù yín máa ń kọ́kọ́ rò ó lédè Gẹ̀ẹ́sì kó tó wá Yorùbá tí yóò dà bò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Yorùbá ní ẹ̀tàn tirẹ̀, ó ní ìró tirẹ̀, ó sì ní lẹ́tà tirẹ̀, tó tó eré yìí ṣe, tó sì tún ṣẹ́ kù.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn òǹkàwé yín tí ọ̀ràn yìí kò tíì mú. Oríṣi kírọ́sìwọ́ọ̀dù méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí ìtọ́ka rẹ̀ máa ń sọ ojú abẹ níkòó: wọ́n á ní "ẹran ilé tí ń pa eku", ìwọ náà á kọ "ológbò" sí i, ó parí. Èkejì, tí èmi ń pè ní àdììtú, kì í sọ ojú abẹ níkòó rárá. Ìtọ́ka rẹ̀ a máa jọ gbólóhùn gidi kan tó ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yẹn gan-an ni pàkúté. Apá méjì ló ní. Apá kan, tó máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, ń sọ ohun tí ìdáhùn jẹ́. Apá kejì ń sọ bí a ó ṣe fi lẹ́tà kọ́ ìdáhùn kan náà, yálà kí a to lẹ́tà ọ̀rọ̀ kan rú, tàbí kí a kà á láti ẹ̀yìn wá, tàbí kí a fi ọ̀rọ̀ kan há inú òmíràn, tàbí kí a tẹ́tí sí ìró tó jọra. Nọ́ńbà inú àkámọ́ ń sọ iye lẹ́tà. Ẹni tó dì í lè ṣì ọ́ lọ́nà, àní iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ purọ́ fún ọ: bí o bá ti tú u tán, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìtọ́ka náà tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọdún 1978 ni mo wọ ilé ìtẹ̀wé kan nílùú yìí gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ tí ń to lẹ́tà. Kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa, lẹ́tà òjé ni à ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan sínú irin tí a fi ọwọ́ òsì dì mú, ní ìdojúdé, kí ọ̀rọ̀ lè jáde tààrà lórí pépà. Ẹni tó bá sì ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọdún méjì, ọ̀rọ̀ tí a kọ sẹ́yìn kò ní dẹ́rù bà á mọ́ láyé rẹ̀. Ọ̀gá mi a máa rí ìwé ìròyìn Lọ́ndọ̀nù gbà lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìròyìn inú rẹ̀ yóò ti di ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kírọ́sìwọ́ọ̀dù kì í ṣá. Lọ́jọ́ kan, ó kọ lẹ́tà mẹ́jọ sẹ́yìn rìsíìtì kan, HIJKLMNO, ó fi 5 sínú àkámọ́ tẹ̀lé e, ó sì ní bí mo bá lè tú u kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun yóò ra ẹran ìgbẹ́ fún mi ní Lafẹ́nwá. Ìtọ́ka yìí kì í ṣe tirẹ̀; àwọn tí ń ṣe eré yìí nílùú òyìnbó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí i rí.

Láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀ ni mo fi gbé rìsíìtì yẹn kiri. Mo tò ó rú, kò di ọ̀rọ̀ kankan. Mo kà á sẹ́yìn, ìsọkúsọ ló dà. Mo wá lẹ́tà tó sọnù láàárín wọn, kò sí èyí tó sọnù. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, àbúrò mi obìnrin, tó ń múra ìdánwò oníwèé mẹ́wàá nígbà náà, ń yọ mí lẹ́nu pé kí n lọ pọn omi nítorí pé ẹ̀rọ kò yọ láti àná, mo sì na rìsíìtì náà sí i kó lè rí i pé ọwọ́ mi dí. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú kan tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe ohun tí mo ní kí ẹ lọ pọn náà nìyí?" Láti H dé O ni àwọn lẹ́tà náà, ẹni tó bá sì pe gbólóhùn yẹn sókè lédè Gẹ̀ẹ́sì, "H to O", yóò gbọ́ H2O, àmì tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń kọ fún omi, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà márùn-ún ló wà nínú "water". Inú bí mi, inú mi sì dùn, ní ìṣẹ́jú kan náà, n kò sì tíì rí eré mìíràn tó lè da méjèèjì pọ̀ báyẹn. Mo gbé garawa, mo lọ pọn omi. Ẹran ìgbẹ́ náà, àbúrò mi ló jẹ ẹ́.

Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kì í bọ́ mọ́. Adùn rẹ̀ kò sí nínú kíkún ilé tán. Ó wà ní ìṣẹ́jú tí gbólóhùn tí o ti ń kà láti àárọ̀ yóò yí ojú padà fún ọ láìsí pé lẹ́tà kan yí nínú rẹ̀. Kì í sì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí o tẹjú mọ́ ọn. Ilé ìwẹ̀ ni, tàbí ìdí ọkọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ nígbà tí kọ̀ńdọ́ ń wá ṣéńjì, ni ìdáhùn yóò ti já lù ọ́, tí ìwọ nìkan yóò sì bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn tí kò mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

Eré náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913 ni Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World, àwọn ilé rẹ̀ sì tò bíi dáyámọ́ńdì. Ojú abẹ ni tirẹ̀ ń sọ níkòó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi ẹ̀tàn kún un. Ní 1926, Edward Powys Mathers bẹ̀rẹ̀ sí í di àdììtú fún ìwé ìròyìn Observer, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Torquemada, orúkọ àlùfáà ilẹ̀ Sípéènì kan tó ń dá àwọn ènìyàn lóró nítorí ẹ̀sìn ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní 1939 ń jẹ́ Ximenes, orúkọ àlùfáà irú bẹ́ẹ̀ ni òun náà mú. Azed ni orúkọ ẹni tó tẹ̀ lé e ní 1972, ẹni tó bá sì kà á sẹ́yìn yóò rí Deza, afìyàjẹni kẹta. Wọn kò kúkú fi bò pé ìyà ni àwọn fẹ́ fi jẹ wá. Àwọn tó sì ń pe eré yìí ní eré ọ̀lẹ, kí wọ́n mọ̀ pé ní oṣù Kìíní ọdún 1942, nígbà tí ogun àgbáyé kejì gbóná, ìwé ìròyìn Daily Telegraph pe àwọn òǹkàwé rẹ̀ wá dán ara wọn wò bóyá wọ́n lè parí kírọ́sìwọ́ọ̀dù kan láàárín ìṣẹ́jú 12, lẹ́yìn èyí tí ìjọba ránṣẹ́ sí mélòó kan nínú àwọn tó kópa láti wá ṣiṣẹ́ ní Bletchley Park, níbi tí wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ará Jámánì.

Ìbínú tí mo ní sí ti Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú ẹ̀tàn rẹ̀. Ó wà nínú ohun tí ẹni tó dì í gbà pé gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n á kọ "flower", o ń wá òdòdó kiri, àfi ìgbà tí o bá rántí pé "flow" ni ṣíṣàn lédè wọn, pé ohun tó ń ṣàn ni wọ́n ń wí, ìyẹn odò. Ó dára, ìyẹn tọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n odò wo? Odò ilẹ̀ wọn ni. Mo ti kọ Exe, mo ti kọ Dee, mo ti kọ Ouse sínú ilé láìmọye ìgbà, n kò sì fojú rí ọ̀kankan nínú wọn rí, nígbà tí Odò Ògùn tó ń ṣàn kọjá ní Lafẹ́nwá, tí mo dàgbà sí etí rẹ̀, kò yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o bá ti odò bọ́, ó kan kírìkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ pẹ́pẹ́yẹ, lẹ́tà O, tó rí bí òdo, ni wọ́n ń wá, nítorí pé ẹni tí kò gba àmì kankan nínú eré yẹn ni wọ́n máa ń sọ pé ó mú pẹ́pẹ́yẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wá ìdí tí pẹ́pẹ́yẹ fi rí roboto.

Ìdí nìyí tí mo fi yọ̀ nígbà tí tiyín jáde, ìdí náà nìyí tí mo fi ń banú jẹ́ báyìí, nítorí pé irú ìtọ́ka tí mo ń rí níbẹ̀ ni "olú-ìlú ilẹ̀ Faransé" àti "ẹni tó kọ́kọ́ gun orí òṣùpá". Ìdánwò ilé ìwé nìyẹn. Ọmọdé tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ àpamọ̀ rí ti tú ohun tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò": ta ni kò mọ̀ pé erèé ni? Mo gbà pé àlọ́ yẹn kò tíì jẹ́ àdììtú gan-an, nítorí pé àwòrán lásán ló ń yà, kò sí apá kejì tí a lè fi yẹ ìdáhùn wò. Àrokò ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ kò kọ lẹ́tà kankan, ṣùgbọ́n ẹẹ́fà wà nínú rẹ̀, ẹni tó gbà á yóò sì mọ̀ pé ọkàn ẹni yẹn fà sí òun. Ẹni tó fi mẹ́jọ ránṣẹ́ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ìró ni wọ́n fi dì í, ìró ni wọ́n fi ń tú u, kò sì sí Torquemada níbẹ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n fi díẹ̀ hàn yín nínú èyí tí èmi fúnra mi ti dì sínú ìwé kékeré kan láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. "Ẹ dojú abọ́ dé, kábíyèsí yóò yọjú (3)." Ẹ ka abọ́ láti ẹ̀yìn, ọba ni ẹ ó bá níbẹ̀. "Ìdùnnú dé nígbà tí ọ̀yà pẹ̀yìn dà (3)." Ayọ̀ ni, bí ó sì ti rí gan-an fún ọdẹ kọ́ nìyẹn, nítorí pé ọ̀yà tó bá ti pẹ̀yìn dà ń sá lọ ni, ṣùgbọ́n mo ti ní ìtumọ̀ tó hàn lójú yẹn pàkúté ni. "Ìlú tí a fi ń gbálẹ̀ (3)." Èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo wọn lọ nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀ kan tó lé: Ọ̀wọ̀ ni ìlú náà, ọwọ̀ ni a fi ń gbálẹ̀. Bí ẹ bá sì ń wá ọ̀rọ̀ tí kíkà rẹ̀ síwájú kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa wá irú rẹ̀ bí ẹni ń wá owó ẹyọ tó bọ́ sínú yanrìn, ṣùgbọ́n tiwa kún ojú ọjà: ata, ewé, ẹyẹ, ọmọ, ọjọ́, ọwọ́, ẹsẹ̀.

Mo ti dán ọ̀kan wò lójú gbogbo ayé. Ní oṣù tó kọjá, mo jókòó lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi ní Ìtòkò, mo ń dúró de ipò mi, mo sì kọ èyí sí eteetí ìwé ìròyìn yín, mo nà án sí i: "Irinṣẹ́ onígbàjámọ̀ kan àpáta, ìlú sì dé (8)." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fá ìdajì orí ọkùnrin kan tó jókòó níwájú rẹ̀. Ó dúró. Ó ní, "Bàbá, ṣé kílípà ni?" Mo ní kó ka lẹ́tà rẹ̀. Ó fi ìka kà á lórí kóòmù, kò bá a mu. Ó ní bóyá síkísọ́ọ̀sì. Mo ní kó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ohun tó dì mú, ó sì pariwo: "Abẹ! Abẹ, òkúta! Háà, Bàbá, ìlú wa nìyí!" Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó.

Ẹni tó jókòó lórí àga ni kò jẹ́ kí a gbádùn rẹ̀. Ó yíjú sí wa pẹ̀lú orí rẹ̀ tó fá lápá kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, abẹ kì í ṣe abẹ́. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn baba wa sá sí, wọn kò fi abẹ fá àpáta." Àríyànjiyàn náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjì tó wà lẹ́yìn mi fi bá ibòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé èdè tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti jẹ́ ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá ní ohùn kò ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rò ó. Ibi tí mo dé dúró ni pé kí a fi gbogbo àmì ohùn sí ìtọ́ka, kí òǹkàwé má bàa sọ pé a purọ́ fún òun, ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀kankan sínú ilé, nítorí pé lẹ́tà kan náà ni ọ̀rọ̀ ìbú àti ọ̀rọ̀ òòró ń pín lò, bí ọ̀kan bá sì ní òkè ni òun fẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ, tí èkejì ní ìsàlẹ̀ ni, a kò ní lè kọ́ àdììtú mẹ́wàá parí láàárín ọdún kan. Àwọn tó ń fi ẹẹ́fà pàrokò náà kò bèèrè bóyá ohùn rẹ̀ bá ti "fà" dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èrò tó ju èyí lọ, mo ṣe tán láti gbọ́. Ọkùnrin orí àga yẹn kò tíì gbà títí di òní.

Àmì abẹ́ lẹ́tà ni n kò lè fi ṣeré. Ẹ, ọ àti ṣ kì í ṣe e, o àti s tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Lẹ́tà ni wọ́n, wọ́n sì ní àyè tiwọn nínú lẹ́tà 25 tí a fi ń kọ èdè wa. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ìtọ́ka kan nínú ti ìbú ní "irinṣẹ́ àgbẹ̀", ilé mẹ́ta. Mo kọ ọkọ́. Nígbà tí mo dé ti òòró, ológbò ni ìdáhùn, lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì bọ́ sórí lẹ́tà ìkẹyìn ọkọ́. Kò gbà á. Mo pa ọkọ́ rẹ́, mo wá ohun mìíràn, n kò rí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ẹ tẹ ìdáhùn jáde, ohun tí mo sì rí ni "oko". Olóòtú mi, oko kì í ṣe irinṣẹ́ àgbẹ̀. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ológbò yẹn kan náà ló gbé mi dé ìdí ọ̀ràn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí gan-an. Ilé mẹ́fà ni ẹ fún un, g gbé ọ̀kan, b gbé òmíràn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ fún àgbàdo ní ilé márùn-ún, g àti b sì há mọ́ra nínú ilé kan. Èwo ni ká tẹ̀ lé? (Ilé ni mo ń pè wọ́n, bí a ti ń pe ti ọpọ́n ayò, ojú kan lásán kọ́ ni, ohun kan ń gbé inú rẹ̀.) Bí mo bá di ìtọ́ka yìí, "Àkókò tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ", tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ igbà ẹlẹ́mu, ṣé 3 ni kí n kọ sínú àkámọ́ ni àbí 4? Ẹnu kan ni a fi ń pe gb, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń pè é, orúkọ kan ni olùkọ́ kọ́ wa pé ó ń jẹ́ nígbà tí à ń kọ a, b, d. Nígbà tí mo ń to lẹ́tà òjé, òjé méjì ni mo máa ń mú fún un, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìní ló fà á, nítorí pé àwọn tó ń rọ òjé nílùú òyìnbó kò ní i lédè wọn. Nínú ilé tí a fi ọwọ́ ara wa fa ìlà rẹ̀, kí ló ń dí wa lọ́wọ́?

Mo ní ẹ̀rí kan tí mo rò pé yóò parí ẹjọ́ náà. "Àgbẹ̀ pẹ̀yìn dà, ọmọ Lísàbí ni (3)." Ẹ kọ àgbẹ̀ sílẹ̀, kí gb gbé ilé kan, kí ẹ sì kà á láti ẹ̀yìn: ẹ, gb, a. Ẹ̀gbá! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dìde lórí àga, ìyàwó mi sì bi mí bóyá eèrà ló jẹ mí. Ta ni kò mọ̀ pé àgbẹ̀ ni Lísàbí, pé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe oko ló kó jọ, àwọn àgbẹ̀ náà ló sì pẹ̀yìn dà sí àwọn àjẹlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí Ẹ̀gbá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀? Odindi ìtàn wà nínú ilé mẹ́ta. Ẹ wá fún g ní ilé tirẹ̀, kí ẹ fún b ní tirẹ̀, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà kà sẹ́yìn, ohun tí ẹ ó rí kò ṣeé pè lẹ́nu Yorùbá kankan. Ìlú yìí ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì, ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, ibí ni lẹ́tà wa ti kọ́kọ́ wọ inú ìwé ìròyìn, mo sì rò pé ará Abẹ́òkúta ní ẹ̀tọ́ láti pariwo bí wọ́n bá ń la lẹ́tà kan sí méjì.

Ìyókù kò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń tẹ ìdáhùn, ẹ fi gbólóhùn kan tàbí méjì ṣàlàyé bí ó ṣe jẹ́, nítorí pé ìdáhùn tí a kò mọ ibi tó gbà wá kò yàtọ̀ sí oúnjẹ tí a fi hàn ni láti ojú fèrèsé. Ẹ rí i pé àwòrán ilé tí ẹ tẹ̀ jẹ́ ti ìtọ́ka ọ̀sẹ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀kan, ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ẹ tẹ̀, mo sì fi Ọjọ́ Àbámẹ́ta odidi kan dá ara mi lẹ́bi pé ọgbọ́n ti ń tán lórí mi. Ẹ tún sọ fún ẹni tí ń ṣe é pé kó ṣọ́ra fún lẹ́tà u: ọ̀rọ̀ orúkọ kankan kì í fi u bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá tí à ń kọ, àfi bí ó bá fẹ́ gba ti àwọn ará Èkìtì tí ń pe ilé ní ulé, bí ó bá sì gbà á, kó sọ fún wa ṣáájú. Ní ti ètò ilé dúdú àti funfun, ó ń ṣe é dáadáa. Mo ti yí i po lọ́wọ́ mi, orí sí ìsàlẹ̀, kò yàtọ̀, bí ó sì ti yẹ kó rí nìyẹn.

Mo ti fa ìlà ilé kan sílẹ̀, 15 ní ìbú, 15 ní òòró, ìtọ́ka inú rẹ̀ jẹ́ 28, Yorùbá ni mo sì fi rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, n kò gba owó, ẹ kàn jẹ́ kí n rí ojú ewé náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí àwọn àmì abẹ́ lẹ́tà. Ìtọ́ka 7 òòró nìyí, kí ẹni tí ń ṣe tiyín fi dán ara rẹ̀ wò: "Àjẹ́ yí padà nínú ìṣasùn (3)." Ẹ má tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Atolẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta.